Kọ́kọ́rọ́ Ń Bẹ Lọ́wọ́ Ta? Mélòó Lẹ Máa Tẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú títì Ìkòròdú, láti Fádèyí dé Ọnípánu, láti Ọnípánu dé Palmgrove, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé èrò wọ Bàrígà, ẹ rọra o, ọ̀nà kì í sá lọ. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń dín àkàrà lẹ́bàá títì, ẹ kú iná. Ẹ gbé rédíò sún mọ́ra, ká jọ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ẹ má dá mi lóhùn sókè. Ẹ dá ara yín lóhùn nínú ikùn. Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ọ̀rọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ará yàrá kejì kà?

Mi ò sọ pé ẹ jalè o. Ọ̀rọ̀ àìsàn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó ilé tí ẹ ò tíì san? Ọ̀rọ̀ tọkọtaya? Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò? Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kó tó wẹ̀, kì í ṣe pé ó pa ènìyàn. Ara rẹ̀ ló ń bò.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Àwọn ọmọ wa ń ṣe áàpù tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí i fáráyé, wọ́n á tún so owó orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Tókìn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ àti owó, nínú àpò kan náà. Ṣé àpò náà ò ní ya?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ yí ìkànnì. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yábàá tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn, kò kan òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i. Owó yín ni wọ́n máa wá ní kẹ́ ẹ mú wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Mo lọ sí Ṣómólú lọ gba ìwé ètò ìsìnkú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé ìlú atẹ̀wé ni. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà olóṣèlú, rìsíìtì, lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò. Bẹ́ ẹ bá rí i níbikíbi l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Òórùn íǹkì àdúgbò yẹn, bó bá ti wọ ẹ̀wù, ó di ọjọ́ ìfọṣọ.

Mo bá ọmọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Palmgrove níhìn-ín ló ń gbé. Ó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe áàpù. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i, ó wá tẹ ìwé ìpolówó. Mo yọjú wo ìwé náà. Lókè pátápátá, orúkọ owó ni, lẹ́tà gàdàgbà, àwọ̀ wúrà. Lábẹ́ rẹ̀: tètè rà á kó tó gbówó lórí. Áàpù tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí eèrà.

Bàbá atẹ̀wé ti gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ ń tà gan-an?"

Ọmọ náà ní, "Áàpù ni, sà. Bẹ́ ẹ bá fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú ẹ̀, ó ti tì pa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè kà á. Àwa tá a ṣe é gan-an ò lè kà á."

Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ta?"

Kí ọmọ náà tó dáhùn, Bàbá ti nàka sí lẹ́tà oníwúrà. "Owó yìí ńkọ́? Mélòó lẹ máa tẹ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ o. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbọ́. Mélòó lẹ máa tẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè méjì yẹn ni mo gbé wálé. Mo sùn tì í, mo jí tì í. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ta? Mélòó lẹ máa tẹ̀? Gbogbo ohun tí mo bá sọ lálẹ́ òní, inú ìbéèrè méjì yẹn ló wà.

Ká mú kọ́kọ́rọ́ ṣáájú.

Ká ní ìyá kan wà ní Bàrígà, ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá fẹ́ fi ìwé àṣírí ránṣẹ́ sọ́mọ. Báwo ló ṣe máa ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò ní kà á lójú ọ̀nà? Ọmọ á ra àgádágodo kan. Á ṣí i sílẹ̀. Àgádágodo nìkan ló máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á kù sápò tiẹ̀. Ìyá á kó ìwé sínú àpótí, á tẹ àgádágodo yẹn mọ́ ọn. Kó! Ó ti tì. Láti ìgbà yẹn lọ, ìyá fúnra rẹ̀ ò lè ṣí i mọ́. Ẹni tó gbé àpótí ò lè ṣí i. Aṣọ́bodè ò lè ṣí i. Ọmọ nìkan tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè ṣí i.

Bí áàpù tó dáa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìṣirò ni wọ́n fi rọ àgádágodo náà. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń rọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kì í sì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ṣe áàpù bá wá tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ sílé, àgádágodo di ọ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Kí àwọn òyìnbó tó kọ́ wa ní a, bí, dí, àwọn baba wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá gbà, á dá mẹ́jọ padà: ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ méjì tó kojú síra, ìfẹ́ ni, ojú ń wá ojú. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀ràn dé. Ìránṣẹ́ tó gbé e lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kó má mọ ohun tó gbé. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ẹni tó rán an àti lórí ẹni tó gbà á. Nígbà ayé Ọ̀túnba Payne, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní kóòtù gíga Èkó, ó kó irú àrokò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀ ní 1887.

Àmọ́, ohun kan wà tí àrokò ò lè fi pamọ́. Ìránṣẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ìdì, òótọ́ ni. Ṣé kò mọ ẹni tó rán an? Ṣé kò mọ ilé tó gbé e lọ? Ṣé kò mọ̀ pé òru ni wọ́n rán òun, pé ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan ni wọ́n rán òun síbẹ̀? Ẹni tó bá ka ìrìn ìránṣẹ́, ó ti ka ìdajì ìwé. Áàpù náà bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè má ka ọ̀rọ̀ yín, kí wọ́n sì mọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ìgbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, àti iye ìgbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn áàpù kan tó ń jẹ́ Signal. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìwé kóòtù béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn kan tí wọ́n ń wá. Ohun méjì péré ni wọ́n rí fún wọn: ọjọ́ tí ẹni náà ṣí àkáǹtì rẹ̀, àti ọjọ́ tó lò ó gbẹ̀yìn. Wọn ò kọ̀ fún kóòtù. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn ni. Ohun tí ènìyàn kò kó pamọ́, olè ò lè jí i, ọlọ́pàá ò sì lè gbà á.

WhatsApp náà, àgádágodo Signal yẹn ló ń lò láti 2016. Ṣùgbọ́n WhatsApp ń kó ìrìn ìránṣẹ́ jọ. Nílùú wa níbí, ní 2024, àjọ FCCPC tó ń jà fún oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni ín, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Telegram ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé òun gan-an ni ilé àṣírí. Ẹ tún un rò. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lọ ṣí ìkọ̀kọ̀ tó wà fún ẹni méjì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Ẹgbẹ́ oníwàásù yín, ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí yín, gbogbo rẹ̀.

Àti pé, ká má tan ara wa, àgádágodo tó dáa jù láyé kò lè bo ènìyàn tó ń ya àwòrán ojú fóònù fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì BRT, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ áàpù ìkọ̀kọ̀ àti owó tí wọ́n so mọ́ ọn là ń sọ. Bàbá atẹ̀wé kan ní Ṣómólú béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ọmọ Palmgrove kan: kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ta, mélòó lẹ sì máa tẹ̀? A ti yanjú kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Ó ku owó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn ọmọ náà ná. Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń jẹ́ SARS. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tó para pọ̀ jẹ́ Feminist Coalition ń kó owó jọ fún oúnjẹ, fún ìtọ́jú àwọn tó fara pa, fún lọ́yà. Ọ̀nà báńkì dí mọ́ wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ń gba Bitcoin, ọ̀kan nínú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kírípítò. Nígbà tó di oṣù kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ kọ̀wé sí gbogbo báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣòwò kírípítò. Ìparí 2023 ni wọ́n tó dẹ okùn náà. Ọmọ tójú rẹ̀ rí gbogbo ìyẹn, tó ní òun fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè tì mọ́ òun, ṣé mo lè bú u? Mi ò lè bú u.

Ìdí mìíràn tún wà. Obìnrin kan ní àdúgbò wa yá owó lórí áàpù ayánilówó kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ kó tó san án, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni. Èmi náà rí i gbà. Páṣítọ̀ rẹ̀ rí i gbà. Ẹni tó ń ta omi fún un rí i gbà. Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà wa? Òun ni. Ó tẹ "mo gbà" lọ́jọ́ tó ń gbé áàpù náà sórí fóònù, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìkọ̀kọ̀ ò ṣe pàtàkì fún tálákà. Ara tálákà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tú u.

Ó dáa. Owó. Mélòó lẹ máa tẹ̀?

Bàbá sọ ìtàn kan fún ọmọ náà. Ó ní, "Ẹnì kan gbé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì wá síbí rí. Òde ijó ló fẹ́ ṣe. Ó ní ká tẹ̀ 500. A tẹ̀ 500, a fi nọ́ńbà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí i pé ó ń tà, ó padà wá lóru, ó ní ká tún tẹ̀ 500 mìíràn, ká fi nọ́ńbà kan náà sí i. Mo bi í pé, gbọ̀ngàn ńkọ́? Ṣé ó ti fẹ̀ sí i ni?"

Ẹ gbọ́ ìyẹn yéké. Gbọ̀ngàn ò fẹ̀ sí i. Àga ò pọ̀ sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á, tó san owó gidi, ìdajì àga ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kò sì mọ̀.

Tókìn náà ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìlà díẹ̀ ni wọ́n ń kọ nínú kọ̀ǹpútà, owó ti jáde. Ó lè jẹ́ mílíọ̀nù kan, ó lè jẹ́ bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún. Odo ni wọ́n kàn ń fi kún un. Ta ló ń mú pulétì ìtẹ̀wé dání? Mélòó ni wọ́n pín fún ara wọn kí wọ́n tó pè yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n lè ta tiwọn? Bí wọ́n bá lè tà á lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ ra tiyín, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọjà, kì í ṣe oníbàárà.

Èyí náà ò ṣàjèjì. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa fi ń ṣe àrokò yẹn, ṣebí òun náà ni wọ́n fi ń ná ọjà? Ohun kan náà ń jẹ́ iṣẹ́, ó ń jẹ́ owó. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives ni àwọn ẹyọ kéékèèké yẹn ti ń wá, ó sì wọ́n. Ó di ìgbà kan ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì rí i pé ẹyọ ńláńlá wà lọ́pọ̀ yanturu ní etíkun Zanzibar. Wọ́n ń kó o bọ̀ lọ́kọ̀ọkọ̀. Wọ́n ń dà á sí Èkó, wọ́n ń dà á sí Àjàṣẹ́ àti Ìwídà. Wọ́n fi ń ra epo pupa. Ọjà ò pọ̀ sí i. Epo ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ló pọ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ọ̀kẹ́ jọ sínú yàrá, ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé owó ẹrù tí alárù máa gbà fẹ́ẹ̀ tó owó tó wà nínú ọ̀kẹ́ náà. Ìgbà tó di 1904, ìjọba ti ní kí wọ́n má kó ẹyọ wọlé mọ́. Ibi tá a ti ń rí i báyìí ni orí ère àti ọrùn oníṣẹ̀ṣe.

Ìyẹn owó tó wà nínú òkun, tí ọkọ̀ ní láti lọ gbé wá o. Èyí tí wọ́n ń fi ìka kan ṣe nínú yàrá ní Palmgrove ńkọ́?

Àwọn tó tóbi ti dán an wò. Telegram, ní 2018, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là lọ́wọ́ àwọn olówó, wọ́n ní àwọn máa ṣe owó kan tó ń jẹ́ Gram. Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, ní oṣù kẹwàá 2019, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ìpín ìdókòwò lẹ ń tà, ẹ ò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2020, Telegram jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là padà, wọ́n san owó ìtanràn. Áàpù kú bí? Kò kú. Áàpù ń bẹ dòní. Owó ló kú, áàpù ò sì gbára lé e.

Àwọn mìíràn gbé ìyókù iṣẹ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní TON. Orí rẹ̀ ni eré orí fóònù tó ń jẹ́ Hamster Kombat ti wá. Ẹ̀yin ọmọ Bàrígà, ẹ má bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí! Ní 2024, ta ni ò rí ọ̀dọ́ tó ń fi ìka méjì lu fóònù nínú dánfó, lórí ìbùsùn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ìka ń lù, dátà ń jó. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ ìpín, ilẹ̀ ni àwọn máa rà. Ọjọ́ ìpín dé, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ló ní ohun tó kan òun ò tó owó dátà. Kí ló fà á? Àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn ló ń lù ú káàkiri ayé. Gbọ̀ngàn ò fẹ̀ sí i.

Ká tún padà sórí kókó, fún ẹni tó lọ pọn omi. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ta? Mélòó lẹ máa tẹ̀? Mo fẹ́ fi hàn yín báyìí pé ìbéèrè méjèèjì lè ta ko ara wọn. Ibẹ̀ ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Palmgrove yẹn, torí kò dà bí ẹni pé ó ti rò ó débẹ̀.

Ká ní alájọ àdúgbò wa lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ní ibùdókọ̀ Palmgrove. Gbogbo ìwé. Ẹni tó dá, ẹni tó kó, ọjọ́, iye. Kò kọ orúkọ, nọ́ńbà ló kọ. Ẹ ní kò burú, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tèmi. Lọ́jọ́ kan ẹ ra bàtà, ẹ sọ nọ́ńbà yín fún ẹni tó tà á kó lè gba owó rẹ̀. Ó kàn rìn dé ibùdókọ̀. Ó gbójú sókè. Ó ka gbogbo ayé yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó kírípítò ṣe rí nìyẹn. Ìwé rẹ̀ wà lórí ògiri, gbogbo ayé ló lè kà á, kì í sì í parẹ́. Ẹ wá so ó mọ́ áàpù ìkọ̀kọ̀! Ẹ ti ọ̀rọ̀ mọ́lé, ẹ ya àwòrán owó sára ògiri. Ẹni tí kò lè ka ohun tẹ́ ẹ sọ á ka ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún. Owó ni yóò tú ọ̀rọ̀ fó.

Ẹ ní, nígbà náà, ká bo ìwé owó náà. Ó ṣeé ṣe. Signal dán an wò ní 2021, wọ́n mú owó kan tó ń jẹ́ MobileCoin wọlé, èyí tí ìwé rẹ̀ fara pamọ́. Kí ló tẹ̀lé e? Àwọn tó fẹ́ràn Signal gan-an ló kọ́kọ́ figbe ta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn, kò rọrùn fún ìjọba láti dí i. Ṣùgbọ́n owó tó fara pamọ́, gbọ́mọgbọ́mọ á fẹ́ ẹ, onígbèsè á fẹ́ ẹ, ìjọba á sì kan ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá sì kan ilẹ̀kùn nítorí owó, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa bá nínú yàrá. Wọ́n tún rí i pé owó náà ti fò lọ sókè kí wọ́n tó kéde, ó sì já lulẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé ta ló tètè gbọ́?

Bẹ́ ẹ ṣí ìwé owó, ọ̀rọ̀ tú. Bẹ́ ẹ bò ó, ọlọ́pàá dé. Èmi ò mọ ọ̀nà kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, kó fi ránṣẹ́ sí wa.

Ohun tí mo bá sọ fún ọmọ mi ni mo sọ fún ọmọ yẹn. Mo ní, ẹ ṣí áàpù yín ná. Láìsí owó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín, tú u wò, kí wọ́n fi òòlù gbá àgádágodo yín kí olè tó gbá a. Ẹ gbé e sórí fóònù ìyá aláta, èyí tójú rẹ̀ ti là, tí bátìrì rẹ̀ ò pé wákàtí méjì. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó yé e. Bó bá lo ọdún kan tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi sọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀, a jẹ́ pé ẹ ní áàpù. Bí wọ́n bá sá lọ nítorí kò sí owó níbẹ̀, a jẹ́ pé owó lẹ ń tà tẹ́lẹ̀.

Mo tún ní, òfin ti dé o. Láti oṣù kẹta 2025 tí Ààrẹ ti buwọ́ lu òfin ìdókòwò tuntun, irú nǹkan yìí ti bọ́ sábẹ́ àjọ SEC tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò nílùú wa. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín. Oṣù tó tẹ̀lé e gan-an ni CBEX wó, àwọn tó ní owó àwọn ènìyàn máa di ìlọ́po méjì lóṣù kan. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó àga, wọ́n kó ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó fi owó ọdún méjì sílẹ̀, àga ló gbé lọ sílé.

Ọmọ náà gbọ́. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n kí la máa fi san owó iná, tí kò bá sí tókìn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì ní yẹra fún un. Signal fúnra rẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn ń dá fún un ló fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ ló fi owó ńlá gbé e dúró. Ta ló máa gbé ọmọ Palmgrove dúró? Ẹ̀yin olówó tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi ní Gbágádà, mo ń wò yín o.

Lánàá, mo tún yà ní Ṣómólú. Ìwé ìpolówó tuntun ti dé orí tábìlì Bàbá. Lókè rẹ̀ báyìí: ọ̀rọ̀ rẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ. Wúrà ti kúrò. Wọ́n ti gbé owó lọ sí ẹ̀yìn ìwé, lẹ́tà rẹ̀ ò tóbi mọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, iye tókìn tí a máa ṣe, tí a ò ní fi ẹyọ kan kún láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà gbọọrọ kan tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Mo bi Bàbá pé nọ́ńbà dà. Ó ní wọ́n ṣì ń bára wọn jiyàn nílé. Ó gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ike íǹkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí fáànù má gbé e lọ, ó sì fa iṣẹ́ mìíràn sọ́dọ̀.